Kò nà mí rí, ṣùgbọ́n mò ń jìyà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ níbí lórí ìyà tí ọkọ tàbí aya fi jẹ wọ́n, ẹgba àti ìgbájú ni wọ́n ń sọ, Ọlọ́run á kó wọn yọ, ṣùgbọ́n tèmi ò ní àpá kankan lára. Ọkọ mi àtijọ́ ò gbọ́wọ́ sókè sí mi rí. Tíṣà ni mí, kí àlááàtì owó oṣù ṣáà ti wọlé, ọwọ́ ẹ̀ ni káàdì ATM mi wà, ó tiẹ̀ ti yí PIN ẹ̀ padà tí èmi tí mo ni owó ò mọ̀ ọ́n mọ́. Owó ọkọ̀ ló máa ń kà lé mi lọ́wọ́ láràárọ̀, tó bá dalẹ́ màá rojọ́ bí mo ṣe ná an, tí kọ̀ńdọ́ ò bá fún mi ní ṣéńjì, ilé ò ní gbà wá lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí n dá àjọ níbi iṣẹ́, ó ní mo fẹ́ fi sá lọ ni. Ìyá mi ń ṣàìsàn n'Ijẹ̀bú, mi ò rówó ọkọ̀ lọ wò wọ́n, èmi tí mò ń gbowó oṣù! Tí mo bá wá fẹjọ́ sun àwọn àgbà, wọn á ní "ṣé ó ń nà ẹ́ ni? Kò mutí, kò yan àlè, kí lo tún ń wá?" Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́yà obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Ó ní òfin VAPP ti 2015, ìyẹn òfin tó ka ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni léèwọ̀, dárúkọ ẹ̀ pátápátá: kí wọ́n fi owó de ẹni mọ́lẹ̀, kí wọ́n yà ẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àtọ̀rẹ́, kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́, kí wọ́n lé ẹ jáde nílé. Abuja ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, àwọn ìpínlẹ̀ wá ń gbà á wọlé díẹ̀díẹ̀, Èkó sì ti ní tiwọn láti 2007.

———

Ẹ ṣé gan-an àǹtí. Èmi ò tíì lọ́kọ o, bọ̀bọ́ tí mò ń fẹ́ ni. Location mi gbọ́dọ̀ wà ní títàn tọ̀sántòru, tí mo bá wà ní kíláàsì á ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, á ní kí n yí kámẹ́rà kiri kóun rí ẹni tó jókòó tì mí. Ó ti blọ́ọ̀kù gbogbo ọ̀rẹ́ mi lórí Wọ́sáàpù. Tí mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, á ní òun á pa ara òun, tàbí kó ní òun á gbé àwọn fọ́tò mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

———

Ọkùnrin ni mí. Ìyàwó mi máa ń bú mi níwájú àwọn ọmọ, ó ti da omi gbígbóná sí mi lára rí. Mo lọ sí tééṣọ̀n, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

———

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ìyà gidi lẹ jẹ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, DSVA, àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ń gbọ́ tọkùnrin náà, ẹ pe 08000 333 333, ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ àbúrò mi, má pa mẹ́séèjì ìhàlẹ̀ yẹn rẹ́ o, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó o fọkàn tán. Má sì jẹ́ kó mọ ọjọ́ tó o máa fi í sílẹ̀, má dá nìkan lọ bá a nílé láti sọ ọ́. Ìgbà tí àwọn tó ń fìyà jẹni bá rí i pé èèyàn fẹ́ lọ gan-an lọwọ́ wọn máa ń le jù.