Àbọ̀ ìrìn wa sí Dinas Brân

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bóyá ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lè gun òkè dé àwókù ilé olódi Dinas Brân, lókè ìlú Llangollen ní Wélsì. A ti lọ, a ti dé.

Màmá gùn ún o! Wọ́n ń sinmi lọ́nà láàárín àwọn àgùntàn, wọ́n sì ń bi mí pé kí ni ẹni tó lọ kọ́lé síbẹ̀ ń sá fún. Òkè náà ga ju 300 mítà lọ, apá ìparí ló sì le jù. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lókè, ẹ tètè ṣe tiyín nígboro.

Ògiri tó ti wó àti kòtò tó yí i ká ló kù. Gruffydd ap Madog, ọ̀kan lára àwọn ọmọ aládé Wélsì, ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1260. Lọ́dún 1277, bí ọmọ ogun ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bọ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ fúnra wọn ló dáná sun ún. Màmá ní bó bá ṣe àwọn ni, àwọn náà á sun ún.

Ruabon la ti bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, a wá wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ẹ fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ pọn ọmọ yín.