Rìsọ́ọ̀tì ọdún àkọ́kọ́ mi ò dáa rárá, ṣé mo ṣì lè gbé GPA mi sókè?

Àkànjí_01:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Rìsọ́ọ̀tì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, GPA mi (ìpíndọ́gba máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì) jẹ́ 2.10 lórí 5, àyà mi sì já gan-an torí mo kàwé o, mo máa ń ka nóòtì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, màá tún fi bírò aláwọ̀ fa ìlà sí gbogbo ibi tó ṣe pàtàkì, àmọ́ tí mo bá ti jókòó síwájú ìdánwò, gbogbo ẹ̀ á kàn pòórá. Àwọn òbí mi ò tíì sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe àbí kí n kúkú lọ kọ́ nǹkan míì?

Àǹtí_Ìṣirò:
Àbúrò, má tíì sáré. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Yúníìtì ni ìwọ̀n tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní. Ká ní yúníìtì 40 lò ń ṣe lọ́dún, 2.10 ẹ yẹn lọ́nà 40 jẹ́ póìǹtì 84. Tó o bá gba 3.80 lọ́dún kejì, 152 nìyẹn, àpapọ̀ di 236, pín in sí 80, ó di 2.95. Tó o bá wá gba 4.00 lọ́dún kẹta àti ìkẹrin, o máa jáde pẹ̀lú nǹkan bíi 3.48. Ṣùgbọ́n bí yúníìtì bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń ṣòro láti gbé e, torí náà ọdún kejì yìí ni kó o gbájú mọ́. B jẹ́ póìǹtì 4 fún yúníìtì kan, D jẹ́ 2, torí náà kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 4 tó o bá gba B níbẹ̀ dípò D, póìǹtì 8 ló fi kún un, oníyúníìtì 1 ò lè fún ẹ ju 2 lọ. Èyí tó o bá féèlì, béèrè lọ́wọ́ adviser yín (olùkọ́ tó ń tọ́ yín sọ́nà) bóyá máàkì tuntun ló máa rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ àbí wọ́n á ka méjèèjì, ilé ìwé kì í ṣe é bákan náà.

Baba_Láíbìrì:
Ohun tí Àǹtí sọ dáa, ṣùgbọ́n kíkà yẹn gan-an ló níṣòro o. Àkàtúnkà máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lójú, kò túmọ̀ sí pé ó ti wọlé. Lọ́dún 2006 àwọn olùwádìí méjì lórí bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, Roediger àti Karpicke, dán an wò, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún ìwé kà, wọ́n ní káwọn kan pa á dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó pa á dé ló rántí jù. Nítorí náà ka ojú ewé méjì, pa ìwé dé, mú ìwé òfìfo, kọ gbogbo ohun tó o rántí, wá ṣí i wo ibi tó o fò. Ó máa ń dunni níbẹ̀rẹ̀ torí o máa rí i pé o ò mọ púpọ̀, fara dà á jàre. Tún padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́ta, má ṣe kó gbogbo ẹ̀ jọ di alẹ́ kan.

Tèmítáyọ̀_K:
Ẹ jọ̀ọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyẹn, kó lọ bẹ lẹ́kíṣérà kó jẹ́ kó rí ìwé ìdánwò ẹ̀. Mo jókòó ti àbúrò mi kan nígbà tó rí tiẹ̀, ìdáhùn ẹ̀ tọ̀nà lórí ìbéèrè mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò kọ bó ṣe ṣe é, wọ́n gé máàkì níbi gbogbo, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ìbéèrè tó kẹ́yìn torí àkókò ti lọ. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ló yẹ kó máa ṣe pẹ̀lú aago níwájú ẹ̀.

Àkànjí_01:
Ẹ ṣé gan-an, ara mi ti balẹ̀ díẹ̀. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 4 méjì ni mo ti gba D, màá lọ bá lẹ́kíṣérà méjèèjì. Kí ni mo máa sọ fáwọn ará ilé báyìí?

Àǹtí_Ìṣirò:
Fi ìṣirò yẹn hàn wọ́n, kó o sì sọ kọ́ọ̀sì tó o máa kọ́kọ́ gbé. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi ẹ́.