Olùtọ́jú ni, kì í ṣe olútọ́jú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo ka ohun tí Bàbá wa láti Ìbarà kọ ní àná, oorun ò kùn mí mọ́. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tí wọ́n ń ṣèwádìí, tí wọ́n ń darí ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n tún ń bọ́ sórí Facebook àti X láti la aráàlú lóye nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò tíì ní orúkọ lédè wa. Wọ́n wá dá a: "olútọ́jú-akéde". Wọ́n ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ gbé àmì òkè lé "lu" lórí ni, torí pé aṣáájú ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Àmì yẹn ò lè dúró níbẹ̀.

"Olú" olóhùn òkè, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń bá rìn: olú ìlú, olú ọmọ. "Olù" olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe lọ: olùkọ́, olùdarí, olùṣọ́. Bí ẹ bá ti "olú" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, odindi gbólóhùn lẹ sọ yẹn. Olúwọlé: Olú wọlé. Olúgbémi: Olú gbé mi. A jẹ́ pé Olútọ́jú, Olúwa ló tọ́jú. A lè fi sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, a ò lè fi pe oníṣẹ́.

Ìyá wa ní Ìdí-Àbà ní kí a fi sílẹ̀, pé èdè ń dàgbà. Ó ń dàgbà lóòótọ́ mà, ṣùgbọ́n ohùn ni egungun rẹ̀. Abẹ́òkúta wa yìí ni ìlú tó kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde ní 1859, kò yẹ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni ohùn yóò ti dojú rú.

"Akéde" gan-an ò tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ tí ọba rán akéde ló ń jẹ́. Ta ló ń bi í pé báwo ló ṣe mọ̀? Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán oníṣirò hàn ní 1858 pé àrùn pa ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun Crimea ju ìbọn lọ. Ta ló rán an? Òun ló kà á, òun ló rò ó, òun ló tún ń kọ̀wé sí àwọn ìjòyè kiri. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ní 1860. Ibẹ̀ náà ni Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt tiwa ti kọ́ṣẹ́, kó tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe métírọ̀nì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ ti ẹni tó ń sọ ohun tó fúnra rẹ̀ wádìí, "aṣàlàyé" sàn ju akéde lọ.

Kí ló tiẹ̀ dé tí a fi ń lé "nọ́ọ̀sì" jáde? Ìyá ìyá mi, aládìírẹ ní Ìtòkú, Lántòrò ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí, ilé ìwòsàn tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1895. Màmá ò kàwé. Èyí tó bá ń kọ́ni nínú àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, "nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì" ni màmá ń pè é. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò yé. Èmi ò rídìí tí a ó fi ki iṣẹ́ mẹ́rin bọ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó bá ń wádìí, nọ́ọ̀sì aṣèwádìí ni; nígbà tó bá ń darí, olùdarí ni, olóhùn ìsàlẹ̀.

Ti pé ẹ tún kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì kò gbọdọ̀ bá yín jiyàn ohùn, Bàbá, ìyẹn dùn mí. Ọ̀dọ̀ màmá aládìírẹ yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn, kí n tó mọ̀ pé ó ń jẹ́ ohùn.

Ẹ ṣáà fún wa ní ọ̀rọ̀ kan péré tí "olú" olóhùn òkè ti bá ọ̀rọ̀-ìṣe rìn, tí kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Mo ń retí yín.