Jéèdì kì í ṣe iyùn, wọn kì í sì í gbẹ́ ẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún àpótí kéékèèké tí wọ́n fi jéèdì ("jade" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ṣe fún ààfin ọba Ṣáínà láyé àtijọ́, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká pè wọ́n ní "àpótí iyùn aláwọ̀ ewé tí a gbẹ́". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Inú òkun ni iyùn ti ń wá. Òkúta ni jéèdì, odò àti òkè agbègbè Hetian ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ti ààfin sì ti wá, pàápàá lẹ́yìn tí ọmọ ogun ọba Qianlong gba ibẹ̀ ní 1759. Ti àwọ̀ ewé ńkọ́? Èyí tí wọ́n kà sí jù níbẹ̀ funfun ni, "ọ̀rá àgùntàn" ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fi àwọ̀ ewé sórúkọ, kí la máa pe àpótí funfun?

Àwọn kan ní ká mú "yù" tí àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i lójú ìwé tí yóò mọ̀ pé òkúta là ń sọ? "Òkúta jéèdì" tẹ́ mi lọ́rùn.

"Gbẹ́" gan-an ló ń dùn mí. Ẹnìkan ti fi "òkúta gbígbẹ́" inú Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀. Òkúta ilé nìyẹn, òòlù ni wọ́n fi ń gé e. Ọ̀bẹ irin kì í ha jéèdì lára. Láyé ìgbà náà, oníṣẹ́ á jókòó, á máa fi ẹsẹ̀ yí àwo irin pẹlẹbẹ kan, á máa da omi àti yanrìn líle sí i. Yanrìn yẹn ló ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Fún inú àpótí, ọ̀pá irin oníhò ni wọ́n fi ń lu ú, wọ́n á ṣẹ́ èyí tó dúró láàárín kúrò, wọ́n á wá lọ ìyókù títí yóò fi dán. Bí ewé àti òdòdó ara rẹ̀ ṣe yọ síta náà nìyẹn: ohun tó yí wọn ká ni wọ́n lọ̀ kúrò. Lílọ̀ ni iṣẹ́ yìí látòkè délẹ̀, kò sì ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn tó máa ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin láyé àtijọ́, lílọ̀ ni wọ́n máa ń lọ òkúta pupa wọn.

Àbá tèmi rèé: "àpótí òkúta jéèdì onílílọ̀, iṣẹ́ ààfin". Fún àwọn róbótó tí ọba máa ń kó yíǹkì pupa òǹtẹ̀ sí, ká fi "ọlọ́mọrí" kún un. Ọmọrí sàn ju ìdérí lọ níbi yìí, torí wọ́n lọ ọmọrí àti ìsàlẹ̀ kí ẹnu wọn lè bára mu rẹ́gí.