Irú dókítà wo lẹ fẹ́ràn?

Ìyá Elélùbọ́, Ọjà Ọba Àkúrẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, irú dókítà wo ló dáa? Èyí tí mo rí lánàá ò gbójú sókè wò mí. Ìwé ló ń kọ ṣáá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, 160/100, ló bá na ìwé oògùn sí mi.

Dókítà kan: Ẹ má bínú, Mà. Lójú tèmi, kó mọṣẹ́ ló ṣe kókó. Àmọ́ ṣé ẹ kọ́kọ́ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kó tó wọ̀n ọ́n?

Ìyá Elélùbọ́: Ìsinmi kẹ̀? Bí mo ṣe bọ́ lórí ọ̀kadà ni wọ́n so nǹkan mọ́ mi lápá!

Ará Ọ̀bà-Ilé: Tèmi máa ń bèèrè iye tó wà lọ́wọ́ mi kó tó kọ oògùn. Mi ò lè fi í sílẹ̀ láéláé.