Egbòogi Ṣáínà fún kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ bà jẹ́: kí la máa fi wọ̀n ọ́n?

Akàwé_Òru: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mo ń ka ìwádìí táwọn ará Ṣáínà ṣe lórí egbòogi ìbílẹ̀ wọn, irú bíi huangqi, fáwọn tí àtọ̀gbẹ ti kó bá kíndìnrín wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn kan wọn purotéènì inú ìtọ̀, àwọn kan wọn creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, àwọn míì kàn ní ó ṣiṣẹ́ fún ẹni báyìí nínú ọgọ́rùn-ún. Èwo ni kí n gbára lé, ẹ jọ̀ọ́? Ṣé mo lè ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú tébù kan?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà: Má ro ti "ó ṣiṣẹ́" yẹn mọ́ nǹkan kan jàre. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á pín aláìsàn sí ó ṣiṣẹ́ gan-an, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò ṣiṣẹ́, wọ́n á wá da méjì àkọ́kọ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí kálukú pààlà sí ò dọ́gba. Ẹni tí àárẹ̀ ẹ̀ kàn fúyẹ́ àti ẹni tí purotéènì inú ìtọ̀ ẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì lè bára wọn nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Albumin inú ìtọ̀, ìyẹn oríṣi purotéènì kan, sàn jùyẹn lọ, tó bá ti wọ 30 mg fún gíráàmù creatinine kan inú ìtọ̀ (mg/g) ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó bá ju 300 lọ ó ti le, ṣùgbọ́n ibà lásán lè gbé e sókè, eré ìdárayá náà lè gbé e sókè, ìyẹn la fi máa ń tún un wọ̀n láàárín oṣù 3 sí 6 ká tó gbà á gbọ́. Ìwádìí ọ̀sẹ̀ 12 tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níparí, kí ló fẹ́ sọ fún mi?

Labalábá22: Òótọ́ lẹ sọ mà. Ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù ni dialysis, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa báni fọ ẹ̀jẹ̀, àti ikú. Ìwádìí RENAAL tí wọ́n fi dán losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wò fáwọn tí àtọ̀gbẹ kó bá kíndìnrín wọn, tó jáde ní 2001, èèyàn 1,513 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta lé díẹ̀, ohun tí wọ́n sì kà ni ẹni tí creatinine ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ kọṣẹ́ pátápátá, àti ẹni tó kú. Àwọn tó ń mu egbòogi yìí náà sábà máa ń lo oògùn òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn, tí purotéènì bá wá wálẹ̀, ta la fẹ́ kí kú iṣẹ́?

Ọmọ_Eléwé: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ má da àárẹ̀ nù. Dókítà ìbílẹ̀ wọn á wo ahọ́n, á di ọwọ́ mú wo bí iṣan ṣe ń lù, á bi ẹ́ bóyá ìbàdí ń ro ẹ́, á wá fún un ní máàkì. Ìyà tó ń jẹ aláìsàn ló ń kà yẹn. Àwọn SONG tó ń ṣètò ohun tó yẹ kí ìwádìí kíndìnrín máa wọ̀n, nígbà tí wọ́n bi àwọn tó ń ṣe dialysis léèrè, àárẹ̀ wà lára nǹkan mẹ́rin tí wọ́n mú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oníkálùkù ló ń ṣe máàkì tiẹ̀, àgbo sì ní òórùn àti ìkorò tó ṣòroó ṣe ayédèrú ẹ̀ tí wọ́n á fún àwọn kan kí wọ́n lè fi ṣàfiwé, ẹni tó bá ti mọ̀ pé ojúlówó lòun ń mu, ara ẹ̀ á ti máa fúyẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà: Mo gbà pẹ̀lú ẹ. Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ ìpalára o! Leigongteng, egbòogi Ṣáínà míì, ń fa purotéènì inú ìtọ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Ní Brussels, àwọn obìnrin tó ń lo oògùn kí wọ́n lè dín sísanra kù ni kíndìnrín wọn kọṣẹ́, 1993 ni ìròyìn ẹ̀ jáde, Aristolochia, ewéko kan tó ní májèlé, ni wọ́n ṣì mú dípò egbòogi Ṣáínà míì, jẹjẹrẹ tún wá bá àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ purotéènì nìkan lo kọ sínú tébù ẹ, leigongteng á gba ipò kìíní.

Akàwé_Òru: Háà. Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo ti yọ "ó ṣiṣẹ́" kúrò, mo ti fún ìpalára ní ìlà tiẹ̀. Àwọn tó tọ aláìsàn lẹ́yìn ju ọdún kan lọ ò pọ̀ nínú ohun tí mo kó jọ, àwọn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tún kà lálẹ́ òní.