Kòkòrò kọ́ ló ń gbé inú ṣàkì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti rí àbá ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́: pé bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewé tí a ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù oníwàrà, tó ń yí àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú rẹ̀, tí ojú lásán kò rí, padà, kí a pè é ní "oògùn ewé fún kòkòrò ìfun màlúù". Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Oògùn, kòkòrò, ìfun: kò sí èyí tó bá mi lára mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kòkòrò ló dùn mí jù. Ní Ṣábẹ̀ níbí, mo dán an wò lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ní màlúù mẹ́fà lọ́wọ́ Fúlàní kan lẹ́yìn ìlú. Mo ní, "Bàbá, ewé kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lára kòkòrò inú màlúù." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Aràn ti mú wọn ni? Èwo nínú wọn?" Wọ́n ti ń wá fìlà láti lọ pe ẹni tó ń gún ẹran lábẹ́rẹ́. Ohun tí etí wa ń gbọ́ nínú kòkòrò nìyẹn: ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń jẹ eyín, ó ń fa àrùn. Bẹ́ẹ̀ màlúù fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi da koríko líle. Àwọn ohun tíntìntín wọ̀nyí ló ń bá a dà á, ọwọ́ wọn ló sì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó fi ń rìn, tó fi ń ṣe wàrà. Ẹni tó bá pa gbogbo wọn, ebi ló fẹ́ fi pa màlúù láàárín koríko.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé "ará ṣàkì" yóò dára. Àmọ́ pẹ̀lú bí a ṣe ń kọ̀wé láìfàmì sí i yìí, gbogbo ọmọ Ṣakí la ó kó sínú ikùn màlúù, wọn ò sì jìnnà sí wa! Ni mo bá mú "alájọgbé inú ṣàkì".

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: àwọn kan nínú wọn kì í ṣe alájọgbé rere, wọ́n ń sọ oúnjẹ di gáàsì mẹ́táànì tí màlúù ń gùfẹ̀ rẹ̀ jáde, èyí tó lè gba ìdá 2 sí 12 nínú 100 agbára oúnjẹ náà. Òótọ́ ni. Ilé wo ni alájọgbé kì í ti í jà? Ìjà yẹn gan-an ni ewé ń dá sí. Sàpónìnì, tó ń mú kí ewé mìíràn hó bí ọṣẹ, ń lu ara protosóà, ọ̀kan nínú irú àwọn alájọgbé yìí, já, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe mẹ́táànì ń fara ti protosóà. Táníìnì, tó ń fún ẹnu pọ̀ bí kajú tí kò tíì pọ́n, ń so mọ́ purotéènì, èròjà amáradàgbà inú oúnjẹ, kì í jẹ́ kí àwọn alájọgbé tètè fọ́ ọ. Tó bá pọ̀ jù, màlúù á kọ oúnjẹ.

Ní ti ìfun, mo lọ bá alápatà. Ó fi ọ̀bẹ la ṣàkì: koríko tí kò tíì kúnná, ooru ń tú, òórùn bíi omi ògì ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Ìfun ṣì kù níwájú." Yàrá mẹ́rin ni oúnjẹ ń gbà kọjá kó tó dé ìfun. Ti àkọ́kọ́, tó lè gbà ju lítà 100 lọ, tí màlúù ti ń mú àpọ̀jẹ padà sẹ́nu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù.

Oògùn kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn ìyá Fúlàní ń fún oje ewé bomubomu sínú wàrà kó lè di wàgàsì, wàrà dídì tí à ń jẹ. Ta ló pè é ní oògùn wàrà? Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2006 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de pípo oògùn apabakitéríà (àǹtíbáyótíìkì) mọ́ oúnjẹ ẹran kó lè tètè dàgbà, ìyẹn sì wà lára ohun tó gbé ewé ga. Ẹ má tún fi orúkọ ohun tí wọ́n ń sá fún pè é. "Àfikún ewé" tó.

Yàrá kẹta ni n kò rí orúkọ fún, èyí tó ní abala-abala nínú bí ìwé. Ṣàkì ni alápatà tiwa ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu, kí ni tiyín ń pè é?